Ẹgbẹ́ Olùwádìí Perutz ní Cambridge àti Bí Wọ́n Ṣe Rí Gbòǹgbò Àrùn Fòníkú-fọ̀ladìde

Fòníkú-fọ̀ladìde ni Yorùbá ń pe àrùn tí ó ń sọ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ di bíi dòjé. Orúkọ náà ṣàpèjúwe ohun tí ojú rí: ọmọ tí àìsàn dá wó lónìí, tí àwọn òbí rẹ̀ ti sọ ìrètí nù, tí ó sì dìde ní ọ̀la bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ohun tí orúkọ náà kò lè sọ ni ìdí tí ó fi ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdí náà pamọ́ fún ojú. Àwọn tí ó kọ́kọ́ tọ́ka sí ibi tí àléébù náà wà gan-an jẹ́ ẹgbẹ́ olùwádìí kékeré kan ní Yunifásítì Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a gbà síṣẹ́ láti wá ìdí àrùn yìí. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé ẹni tí wọ́n jẹ́, iṣẹ́ tí oníkálukú gbé dání, àti bí iṣẹ́ ẹnìkan ṣe di àtẹ̀gùn fún ti ẹlòmíràn títí wọ́n fi kan ìdí ọ̀rọ̀.

Ọdún 1947 ni Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìmọ̀ Ìṣègùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí owó tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nínú Cavendish, iléeṣẹ́ ìwádìí físíìsì ti Yunifásítì náà. Ènìyàn méjì péré ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Max Perutz àti John Kendrew. Alágbàwí wọn ni Lawrence Bragg, ọ̀gá Cavendish nígbà náà. Òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1915, nítorí pé wọ́n fi han ayé bí a ṣe lè fi ìtànṣán ẹ́síréè mọ bí átọ́ọ̀mù ṣe tò sínú kírísítálì. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń wádìí ohun ẹlẹ́mìí fi ń gbé láàrin àwọn onífísíìsì. Ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ sì ni Ẹ̀ka Bayokẹ́mísírì ti Yunifásítì náà wà sí wọn. Ìsúnmọ́ra yìí yóò wúlò gidigidi nígbà tí ó bá yá.

Ìlú Vienna ni wọ́n ti bí Perutz ní ọdún 1914. Ó dé Cambridge ní 1936 láti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí Hitler gba Austria ní 1938, àwọn òbí rẹ̀ di ẹni tí ń sá àsálà. Ní 1940, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó òun fúnra rẹ̀ sí àtìmọ́lé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Canada. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó dá a padà. Ìjọba kan náà ni ó tún wá pè é kí ó ran àwọn lọ́wọ́ lórí ètò àṣírí kan, láti fi yìnyín tí a pò mọ́ ìyẹ̀fun igi kan ọkọ̀ ogun ńlá. Wọn kò kan ọkọ̀ náà rárá.

Láti 1937 ni Perutz ti dojú kọ hemoglobin, èròjà tí ó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, tí ó sì ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo, ẹyọ hemoglobin tó nǹkan bíi 280 mílíọ̀nù, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ní átọ́ọ̀mù tí ó sún mọ́ 10,000. Perutz fẹ́ mọ bí gbogbo wọn ṣe tò. Ní ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó tóbi jù tí ẹnikẹ́ni tíì fi ìtànṣán ẹ́síréè tú palẹ̀ jẹ́ aró kan tí ó ní átọ́ọ̀mù 58. Ẹ fi 58 wé 10,000, kí ẹ sì wo irú àyà tí ó ní.

Ìṣòro kan dè é mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí a bá tan ìtànṣán ẹ́síréè sí kírísítálì, ìtànṣán náà yóò fọ́n ká, yóò sì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì tótòtó sílẹ̀ lórí fíìmù. Bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe dúdú tó ń sọ bí ìgbì tí ó dé ibẹ̀ ṣe lágbára tó, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tí orí ìgbì náà dé. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ onílù ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa pé ìyáàlù dún rinlẹ̀ tó báyìí, kẹríkẹrì tó báyìí, gúdúgúdú tó báyìí, ṣùgbọ́n tí kò kọ ìgbà tí ọ̀pá kan awọ, a kò lè tún ìlù náà lù. Ìwé wa kún, ìlù ti sọnù. Ní 1953 ni Perutz rí ọ̀nà àbáyọ. Ó lẹ átọ́ọ̀mù mákúrì tí ó wúwo mọ́ hemoglobin láìba ìtò rẹ̀ jẹ́, ó tún ya àwòrán, ó sì fi àwòrán tuntun wé ti àtijọ́. Ó dà bí ẹni tí ó fi agogo kan kún àwọn onílù wọ̀nyẹn. Bí a bá ti mọ ìgbà tí agogo ń dún, ìyàtọ̀ tí ó mú bá àpapọ̀ ohùn wọn yóò jẹ́ kí a lè ṣírò ìgbà tí ìlù yòókù ń dún.

Ọdún mẹ́fà mìíràn ni ìṣirò náà gbà. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1960, orúkọ ènìyàn mẹ́fà ni ó wà lórí rẹ̀: Perutz, Michael Rossmann, Ann Cullis, Hilary Muirhead, Georg Will àti A. C. T. North. Rossmann ni ó kọ ìlànà ìṣirò tí kọ̀ǹpútà Yunifásítì náà tẹ̀ lé. Ìtàn tí a máa ń gbọ́ nípa ìwádìí yìí kì í sábà ju orúkọ Perutz lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí ẹnìkan ṣe lè dá wọn gbogbo àmì orí fíìmù wọ̀nyẹn.

Ní ti Kendrew, ó mú èyí tí ó kéré. Myoglobin jẹ́ ìbátan hemoglobin, ìwọ̀n rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin hemoglobin, inú iṣan ni ó sì ń tọ́jú ọ́síjìn sí. Ti ẹṣin ni ó kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n kírísítálì rẹ̀ kò tóbi tó. Ó wá rántí àwọn ẹran tí ń wẹ̀ nísàlẹ̀ òkun fún ìgbà pípẹ́ láìmí, tí iṣan wọn gbọ́dọ̀ kún fún myoglobin. Ẹran àbùùbùtán tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Peru ni ó fún un ní kírísítálì tí ó ń wá. Ní 1957, ẹgbẹ́ rẹ̀ rí àwòrán purotéènì àkọ́kọ́ tí ẹ̀dá ènìyàn rí rí. Àwọn tí ó ti ń retí ohun tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọ̀wọ́ ilé ni ìjákulẹ̀ bá, nítorí pé ó rí bí ìfun tí a ká jọ. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n rí i kedere débi pé wọ́n lè tọ́ka sí ipò ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù rẹ̀. Nígbà tí ti Perutz náà jáde, wọ́n rí i pé hemoglobin jẹ́ ẹ̀wọ̀n mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká gẹ́gẹ́ bíi myoglobin. Ẹ̀jẹ̀ ẹṣin àti ẹran àbùùbùtán ni wọ́n ń wò, àmọ́ ẹ̀yà kan náà ni wọ́n bá nínú wọn.

Àwọn mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn. Hugh Huxley wọlé gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ní 1948, bí iṣan ṣe ń súnkì ni ó wádìí. Francis Crick dé ní 1949 láti ṣiṣẹ́ lórí purotéènì, James Watson sì dé láti Amẹ́ríkà ní 1951. Ìtàn àwọn méjèèjì yìí àti DNA ní 1953 ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, a kò sì ní tún un pa níbí. Ìbéèrè tí Crick ń béèrè lẹ́yìn ìgbà náà ni ó kàn wá. Bí a bá gbà pé inú DNA ni ogún tí òbí fi sílẹ̀ fún ọmọ wà, kí ni ogún náà ń ṣe sí purotéènì?

Vernon Ingram ni ó dáhùn. Ìlú Breslau, tí ó wà ní Jámánì nígbà náà, ni wọ́n bí i sí ní 1924, òun náà sì jẹ́ ẹni tí ó sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oníkẹ́mísírì ni. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á sí Cavendish ní 1952 ni kí ó bá Perutz lẹ átọ́ọ̀mù wíwúwo mọ́ hemoglobin. Ó ṣe iṣẹ́ náà, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1954. Lẹ́yìn èyí ni òun àti Crick bẹ̀rẹ̀ sí í wá purotéènì tí ìyípadà àjogúnbá ti fi àmì sí lára.

Kí òǹkàwé lè mọ ohun tí wọ́n ń wá, kí ó fi purotéènì wé ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Irú ẹyọ ogún ni ó wà, àmínò ásíìdì ni à ń pè wọ́n, ètò tí a fi sín wọn sórí okùn ni ó sì ń ya purotéènì kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Ní Ẹ̀ka Bayokẹ́mísírì tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Frederick Sanger ti ka ẹyọ inú insulin, 51 ni wọ́n, ó sì ti mọ èyí tí ó tẹ̀ lé èyí. Òun ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé ètò náà kì í yẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ni láti gé okùn náà sí wẹ́wẹ́, kí ó ya àwọn ègé náà sọ́tọ̀ lórí bébà, kí ó sì tò wọ́n padà. Ọgbọ́n yìí ni Ingram yá lò.

Inú funfun ẹyin adìẹ àti omi ojú ènìyàn ni Crick àti Ingram ti kọ́kọ́ wá a, nítorí pé irú purotéènì kan náà wà nínú méjèèjì. Wọ́n ń ra ẹyin, wọ́n sì ń fi àlùbọ́sà mú omi jáde lójú. Wọn kò rí ìyàtọ̀ tí wọ́n ń wá láàrin adìẹ kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n hemoglobin ẹni tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde wà lọ́wọ́ wọn. Dókítà Anthony Allison, tí ó dàgbà ní Kenya, ni ó fún Perutz. Allison yìí kan náà ni ó fi hàn ní 1954 pé ẹni tí ó jẹ́ AS ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà tí ẹ̀fọn ń fà, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí S fi gbilẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí ibà ti ń pa ọmọdé. Ṣáájú wọn, ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti rí i pé hemoglobin S kì í rìn bákan náà pẹ̀lú ti A bí a bá fi iná mànàmáná dà á. Wọ́n mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Ibi tí ó wà ni wọn kò mọ̀.

Ohun tí Ingram ṣe nìyí. Ó da trypsin, èròjà tí ń da oúnjẹ nínú ìfun, sórí hemoglobin. Trypsin kì í gé okùn níbi tí ó bá wù ú, ẹ̀yìn ẹyọ méjì kan pàtó ni ó máa ń gé. Ó kán àwọn ègé náà sí orí bébà tí ó tutù, ó sì fi iná mànàmáná dà wọ́n sí ọ̀nà kan. Lẹ́yìn náà ó yí bébà padà, ó ti etí rẹ̀ bọ inú omi kẹ́míkà, ó sì jẹ́ kí omi náà máa gùn ún bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, kí ó lè fa àwọn ègé náà sí ọ̀nà kejì. Nígbà tí ó fi kẹ́míkà mìíràn wọ́n ọn, àmì bí ọgbọ̀n yọ lórí bébà. Ó retí ọgọ́ta. Pé ìdajì ni ó rí jẹ́ ẹ̀rí pé hemoglobin jẹ́ ìlàjì méjì tí kò yàtọ̀ síra. Ó fi àwòrán àmì náà wé ìlà ìka ọwọ́ ènìyàn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí di òní.

Ó gbé bébà A sí ẹ̀gbẹ́ bébà S. Gbogbo àmì wọn bá ara mu, àfi ọ̀kan, èyí tí ó fi nọ́ńbà 4 sí. Ó tẹ èyí jáde ní 1956. Ó tún mú ègé kẹrin náà, ó tú u palẹ̀ lẹ́yọ-lẹ́yọ, nígbà tí ó sì di 1957 ó ti rí i: ẹyọ kan tí ó yẹ kí ó jẹ́ glutamic acid ni valine ti gba ipò rẹ̀. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni a mọ̀ pé ipò kẹfà lórí ẹ̀wọ̀n tí à ń pè ní beta ni. Beta ní ẹyọ 146, alpha ní 141, hemoglobin kan sì ní méjì-méjì nínú wọn, èyí tí ó jẹ́ 574 lápapọ̀. Ẹyọ méjì péré nínú 574 ni ó ya A sọ́tọ̀ sí S. Ìgbà yẹn ni ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ fi hàn pé ìyípadà nínú àjogúnbá lè paàrọ̀ àmínò ásíìdì kan ṣoṣo lára purotéènì, kí ó sì ti ibẹ̀ di àrùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lọ́dọ̀ Ingram, J. A. Hunt. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni èmi ka sí èyí tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ jù, a kì í sì í gbọ́ orúkọ rẹ̀. Hemoglobin C ni òun àti Ingram jọ wádìí, wọ́n sì rí i ní 1958 pé ipò kan náà ni ó ti yí padà. Níbi tí S ti fi valine sí, lysine ni C fi sí. Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ Yorùbá ni C ti wọ́pọ̀ jù; bí a bá kọjá odò Ọya sí ìlà-oòrùn, ó ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn àfẹ́sọ́nà láàrin wa fi ń rí AC lórí ìwé àyẹ̀wò, tí ọmọ SC sì ń bẹ nínú ìdílé tí wọ́n rò pé SS nìkan ni ewu. S àti C lè bá ara wọn pàdé nínú ọmọ kan nítorí pé ipò kan náà ni wọ́n ń dù: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, kò sì sí àyè fún A mọ́. Àwọn onímọ̀ kan ti sọ pé lára àwọn ọmọ tí a ń pè ní àbíkú láyé àtijọ́ lè jẹ́ SS. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èrò Yorùbá nípa àbíkú gbòòrò ju àrùn kan lọ, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Báwo wá ni ẹyọ kan ṣe lè sọ sẹ́ẹ̀lì di dòjé? Iṣẹ́ Perutz tí ó gba ogún ọdún wúlò níbí. Ní 1963, Hilary Muirhead àti Perutz fi hàn pé hemoglobin máa ń yí ìdúró rẹ̀ padà nígbà tí ó bá ti sọ ọ́síjìn rẹ̀ kalẹ̀, tí ẹ̀wọ̀n beta méjèèjì á súnra síwájú sí i kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Glutamic acid fẹ́ràn omi. Valine ń sá fún omi bí epo pupa ṣe ń sá fún un, ó sì ń wá ibi tí yóò wọ̀ sí. Nígbà tí hemoglobin S bá wà ní ìdúró àìlọ́síjìn, ihò kékeré kan máa ń ṣí sílẹ̀ lára ẹnìkejì rẹ̀ tí valine lè kó sí. Èkíní á so mọ́ èkejì, èkejì á so mọ́ ẹ̀kẹta, wọn á di okùn gígùn tí ó le, okùn náà á sì ti awọ sẹ́ẹ̀lì títí yóò fi tẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ kì í lè gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kọjá bó ṣe yẹ, ìrora á sì bẹ̀rẹ̀. Bí ọ́síjìn bá padà dé, okùn náà á tú, sẹ́ẹ̀lì á sì nà padà. Sẹ́ẹ̀lì pàápàá ń fòní kú, ó ń fọ̀la dìde, títí yóò fi tẹ̀ tí kò ní lè nà mọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó yè kooro ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Ti ẹni tí ó jẹ́ SS kì í sábà kọjá 10 sí 20.

Ilé kóńkó kan tí wọ́n kọ́ sí àgbàlá Cavendish ni díẹ̀ lára ẹgbẹ́ yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún náà, Ahéré ni wọ́n sì ń pè é. Ní 1962 wọ́n kó lọ sí ilé tuntun ní ẹ̀yìn ìlú, Sanger náà sì bá wọn kó. Perutz kọ̀ láti jẹ́ ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ni ó ní òun yóò jẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Gisela, ni ó ń bójú tó ilé oúnjẹ tí wọ́n dìídì ṣe kí gbogbo ènìyàn, láti orí akẹ́kọ̀ọ́ dé orí ẹlẹ́bùn Nobel, lè máa jókòó síbi kan náà mu tíì. Ní ọdún yẹn kan náà, Perutz àti Kendrew gba Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì. Crick, Watson àti Maurice Wilkins gba ti ìmọ̀ ìṣègùn. Ingram kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti lọ sí Amẹ́ríkà ní 1958, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi di olóògbé ní 2006, láìgba ẹ̀bùn náà. Lójú tèmi, ó tọ́ sí i.

Perutz kò fi hemoglobin sílẹ̀ títí ó fi kú ní 2002. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí ó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, òun àti Donald Abraham láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn tí yóò lẹ̀ mọ́ hemoglobin S kí ó má lè so mọ́ra di okùn. Wọ́n á po oògùn mọ́ kírísítálì, wọ́n á tan ìtànṣán ẹ́síréè sí i, wọ́n á sì wo ihò tí oògùn náà wọ̀ sí.